Ẹ yí kẹ́ẹ̀gì òróró yẹn sẹ́yìn: ohun tí "No Cholesterol" kò sọ fún yín

ÌBÉÈRÈ: Dókítà sọ fún màmá mi, ẹni ọdún 68, pé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga, pé kí wọ́n dín epo pupa kù. Mo kó epo pupa kúrò nílé pátápátá, mo ra kẹ́ẹ̀gì òróró tí wọ́n kọ "No Cholesterol" sí lára. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan a tún àyẹ̀wò ṣe, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kí ló dé? Mo wo ẹ̀yìn kẹ́ẹ̀gì náà, mo rí "saturated", "monounsaturated", "trans fat", kò yé mi rárá. Ẹnì kan tún ní kí n lọ ra epo àgbọn, pé òun ló dáa jù fún ọkàn. Ṣé òótọ́ ni? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara kẹ́ẹ̀gì náà. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Ingredients" sí. Lẹ́tà ibẹ̀ sábà máa ń kéré, ẹ lè nílò awò ojú. Tẹ́ ẹ bá rí "palm olein" níbẹ̀, a jẹ́ pé ẹyìn náà lẹ ṣì ń jẹ. Ọ̀pẹ tó mú epo pupa wá ló mú òróró yẹn wá. Ilé iṣẹ́ ló fi irú amọ̀ kan fa àwọ̀ rẹ̀ yọ, tó fi ooru líle lé òórùn rẹ̀ lọ, tó sì sẹ́ apá tó máa ń dì kúrò nínú rẹ̀. N kò rí kẹ́ẹ̀gì yín, nítorí náà n kò ní búra, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú òróró tó mọ́ gaara tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà, palm olein ni.

Ẹ̀yin náà ti rí i rí nígbà ọyẹ́. Ẹ gbé epo pupa kalẹ̀ lóru, nígbà tílẹ̀ mọ́, òkè rẹ̀ ń ṣàn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dì. Èyí tó ń ṣàn lókè ni àwọn onímọ̀ ń pè ní olein, èyí tó dì nísàlẹ̀ ni stearin. Ohun tí ọyẹ́ ń ṣe nínú ìgò yín ni ilé iṣẹ́ ń fi ẹ̀rọ amúǹkantutù ṣe, wọ́n á wá rọ olein sínú kẹ́ẹ̀gì fún ẹni tó fẹ́ dín dòdò, wọ́n á ta stearin fún ẹni tó ń ṣe ọṣẹ àti bọ́tà. Bí epo pupa bá ní ọ̀rá saturated (irú ọ̀rá tó ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ẹ̀jẹ̀ sókè, màá ṣàlàyé rẹ̀ níwájú) tó tó ìdajì rẹ̀, olein ṣì ní nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyàtọ̀ yẹn kéré jù láti yí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni padà. Tó bá jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ rà nìyẹn, èsì àyẹ̀wò màmá kò yẹ kó yà yín lẹ́nu.

"No Cholesterol" tí wọ́n kọ síwájú ńkọ́? Òótọ́ ni. Kò sí òróró kan tó wá láti ara igi tàbí èso tó ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tó tó nǹkan nínú, nítorí ara ẹranko àti ti èèyàn ló ń ṣe é. Epo pupa tẹ́ ẹ kó dànù gan-an kò ní in. Kíkọ ọ̀rọ̀ yẹn sára òróró dà bí ìgbà tí oníṣòwò kọ "kò ní egungun" sára àpò ẹ̀wà. Kò purọ́, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó sọ fún yín kọ́ ló sọ.

Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, ló fún kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ní orúkọ rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún méjì ọdún sẹ́yìn, lẹ́yìn tó yẹ òkúta inú òróòro èèyàn wò. Òun kan náà ló fi hàn nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1823 pé ọ̀rá kì í ṣe ohun kan ṣoṣo: tí a bá tú u palẹ̀, gílísírínì àti ásíìdì ọ̀rá la máa bá níbẹ̀. (Ọdún 102 ni bàbá yìí lò láyé, láti 1786 títí di 1889.) Ẹ fi ọ̀rọ̀ Chevreul sọ́kàn, nítorí inú ásíìdì ọ̀rá yẹn ni ìdáhùn gbogbo ìbéèrè yín wà.

Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ mú ti ẹ̀jẹ̀ kúrò nílẹ̀. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kì í ṣe májèlé. Ara wa nílò rẹ̀ láti fi mọ ògiri àwọn sẹ́ẹ̀lì, láti fi ṣe omi òróòro tó ń da ọ̀rá inú oúnjẹ, àti láti fi ṣe fítámì D àti àwọn họ́mọ́ọ̀nù kan. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, yálà a jẹ ẹyin tàbí a kò jẹ ẹyin. Nítorí pé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kì í pò mọ́ omi, ara máa ń dì í sínú àwọn ẹrù kéékèèké kó tó gbé e sínú ẹ̀jẹ̀. LDL ni orúkọ ẹrù tó ń gbé e láti ẹ̀dọ̀ lọ sí ara, HDL sì ni èyí tó ń kó àṣẹ́kù padà wálé. Tí LDL bá pọ̀ jù tó sì pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń wọ ara ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Báwo wá ni epo tí kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ṣe ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù sókè? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ ní àwọn ọwọ́ kéékèèké lójú rẹ̀ tó fi ń gbá LDL mú kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Michael Brown àti Joseph Goldstein ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣàwárí ọwọ́ wọ̀nyí, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1985. Tí ọ̀rá saturated bá pọ̀ nínú oúnjẹ, ẹ̀dọ̀ máa ń dín ọwọ́ wọ̀nyí kù. LDL á wá máa yí kiri nínú ẹ̀jẹ̀, kò ní rí ẹni gbà á. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀rá saturated tí wọ́n ń jẹ lágbára lórí LDL wọn ju kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tó wà nínú oúnjẹ fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń kọ ìlànà oúnjẹ fún ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá yọ òdiwọ̀n 300 mílígíráàmù kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù lójúmọ́ kúrò nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde fún 2015 sí 2020. Wọ́n kò yọ òdiwọ̀n ti saturated.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kẹ́ẹ̀gì. Okùn àwọn káábọ́nù tó so mọ́ ara wọn ni ásíìdì ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, háídrójìn sì so mọ́ wọn lára. Tí gbogbo àyè tó wà lára káábọ́nù wọ̀nyí bá ti kún fún háídrójìn, tí kò sí ibi tí ẹyọ kan tún lè wọ̀ mọ́, òun ni wọ́n ń pè ní saturated. Okùn bẹ́ẹ̀ máa ń nà gbọọrọ, ó máa ń tò pọ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi tètè ń dì. Tí àyè bá ṣófo níbì kan, àwọn káábọ́nù méjì tó wà níbẹ̀ á fi ìdè méjì di ara wọn mú, okùn náà á sì ṣẹ́ kọ́rọ́ níbẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kò ṣeé tò pọ̀ gírígírí, nítorí náà ó máa ń ṣàn. Ibì kan ṣoṣo ló ti ṣẹ́? Monounsaturated. Ibi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ? Polyunsaturated. Kò tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Palmitic acid, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara ọ̀pẹ gan-an, ní káábọ́nù 16, kò ṣẹ́ níbì kankan. Òun ló kó nǹkan bí ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún epo pupa. Oleic acid ní káábọ́nù 18, ó ṣẹ́ níbì kan, ó tó nǹkan bí ìdá 39 nínú epo pupa kan náà, ó sì tún pọ̀ nínú òróró ẹ̀pà. Linoleic acid ṣẹ́ níbi méjì, ó pọ̀ nínú òróró sóyà. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí epo kan tó jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ní "epo pupa, saturated ni" ti gé ọ̀rọ̀ sí méjì, ó mú ìdajì.

Ojú yín lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí: ohun tó bá ń dì nínú ilé tí ooru rẹ̀ mọ níwọ̀n, saturated rẹ̀ pọ̀. Ẹ wo ọ̀rá màlúù lórí ọbẹ̀ àná. Ẹ wo àdín, tí saturated rẹ̀ tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wá wo òróró ẹ̀pà, tí kò tó ìdá 20, tàbí òróró sóyà, tó wà ní nǹkan bí ìdá 15: ọyẹ́ ilé wa kì í sábà rí wọn mú. Òrí nìkan ló máa ń da àyẹ̀wò ojú yìí rú díẹ̀. Ó ń dì, saturated rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, ṣùgbọ́n stearic acid ló pọ̀ jù nínú saturated rẹ̀, ìyẹn kì í sì í gbé LDL sókè bíi palmitic.

Trans fat ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1902, Wilhelm Normann ní Jámánì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n kan tí wọ́n fi ń ti háídrójìn wọ inú òróró kí ó lè dì. Ní 1911, Procter & Gamble gbé Crisco jáde ní Amẹ́ríkà, ọ̀rá dídì tí wọ́n fi òróró òwú ṣe. Tí wọn kò bá ti háídrójìn náà débi tó parí, díẹ̀ nínú àwọn okùn tó ṣẹ́ á tún nà padà láìkún, irú rẹ̀ ni trans fat. Ó burú ju saturated lọ, nítorí ó ń gbé LDL sókè, ó tún ń fa HDL wálẹ̀. Denmark ló kọ́kọ́ fi òfin dè é, ní 2003. Àjọ Ìlera Àgbáyé ké sí gbogbo ìjọba ní 2018 pé kí wọ́n mú trans fat ti ilé iṣẹ́ kúrò nínú oúnjẹ kó tó di òpin 2023, NAFDAC náà sì ti fi òdiwọ̀n lé e ní Nàìjíríà: kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù ọ̀rá.

Lára òróró olómi, kò yẹ kí trans fat máa dẹ́rù bà yín. Ẹ lọ wá a lára bọ́tà líle, bisikíìtì àti ìpápánu tí wọ́n kó wọ̀lú láti ibi tí òfin kò ti le. "Partially hydrogenated" ni ọ̀rọ̀ tó ń tú u fó. Ẹ má gbára lé "Trans fat 0 g" nìkan o, nítorí òfin Amẹ́ríkà gba ilé iṣẹ́ láyè láti kọ òdo tí kò bá ti pé ìdajì gíráàmù nínú ìwọ̀n tí wọ́n pè ní ìjẹ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó bá jẹ ìwọ̀n mẹ́ta ti jẹ ohun tó ju òdo lọ.

Omega-3 àti omega-6 tí ẹ máa ń gbọ́, polyunsaturated ni àwọn náà. Nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí ibi tí okùn ti kọ́kọ́ ṣẹ́ tí a bá kà á láti ìdí. George Burr àti ìyàwó rẹ̀ Mildred ló fi eku ṣe ìwádìí, tí wọ́n sì fi hàn ní 1929 pé àwọn ásíìdì ọ̀rá kan wà tí ara kò lè dá ṣe, àfi kó jẹ wọ́n. Òróró sóyà àti ti ẹ̀pà ń fún wa ní omega-6 dáadáa. Fún omega-3, ẹja ọlọ́ràá ni. Ẹja títù tó wà lọ́jà Kútọ̀ lọ́dọ̀ yín tó bẹ́ẹ̀, kò pọn dandan kẹ́ ẹ ra kóró inú ìgò olówó ńlá.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ díẹ̀ gbe epo pupa lẹ́sẹ̀, torí wọ́n ti nà án kọjá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àwọ̀ pupa rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Èròjà aláwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní carotenoid ni, tó máa ń wà láàárín mílígíráàmù 500 sí 700 nínú kílò epo kan, ara sì máa ń sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ di fítámì A, tí ojú àti àwọ̀ ara nílò. Nígbà tí ilé iṣẹ́ fa àwọ̀ yọ láti fi ṣe olein, fítámì náà bá a lọ. Láti 2002 ni òfin Nàìjíríà ti ní kí wọ́n máa fi fítámì A kún òróró, ìyẹn lẹ ṣe ń rí "Vitamin A" lára kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n tún dá díẹ̀ padà, àwa la san owó iṣẹ́ méjèèjì.

Èyí tí n kò lè gbè lẹ́yìn ni epo tí a gbé kaná títí tó fi funfun, èyí tí wọ́n ń pè ní bílíìṣì, irú èyí tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ọ̀fadà. Iná ń jó carotenoid run, ṣùgbọ́n kò rí saturated gbé ṣe, torí òun ni iná kì í tètè bà jẹ́. Ohun tó dáa lọ, ohun tí à ń sá fún dúró. Èéfín tó ń ta ẹni lójú nígbà náà sì ní kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ acrolein nínú, òun ló ń mú ojú ṣomi. Mo fẹ́ràn ọ̀fadà o, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ òde àríyá ni mo fi ṣe. Bákan náà, òróró tí wọ́n ti fi dín àkàrà láti àárọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ ti dúdú, tó ń hó ìfófòó, ọ́síjìn àti ooru ti bà á jẹ́. Ẹ má dà á sọ́bẹ̀.

Ó kù síbi ìwọ̀n, ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ màmá wà gan-an. Gíráàmù ọ̀rá kan, láti ara epo yòówù kó jẹ́, ń fúnni ní kálórì 9 (kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara). Ti gaàrí tàbí ti ẹran pupa tí kò lọ́ràá kò ju 4 lọ fún gíráàmù sítáàṣì tàbí purotéènì kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọ̀rá saturated má ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kálórì ọjọ́ kan lọ. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000 lójúmọ́, gíráàmù 22 nìyẹn. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan (tablespoon) tó kún gba nǹkan bí gíráàmù 14 epo. Tó bá jẹ́ epo pupa, gíráàmù 7 nínú rẹ̀ ni saturated. Palm olein, ó lé díẹ̀ ní 6. Òróró ẹ̀pà, kò tó 3. Ṣíbí mẹ́ta epo pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo ìwọ̀n ọjọ́ kan tán, kẹ́ ẹ tó ka ẹran, mílíìkì àti awọ adìẹ.

Ẹ wá rò ó wò. Agolo mílíìkì kan tí à ń fi wọn epo sínú ìkòkò gba nǹkan bíi ṣíbí 10. Tí èèyàn mẹ́rin bá jẹ ọbẹ̀ yẹn tán lọ́jọ́ kan, ṣíbí méjì àbọ̀ ti kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ìyá ló tún ń fojú wọn ọ́n, tí epo á sì léfòó lórí ọbẹ̀. Nítorí náà, fún ti màmá, màá fẹ́ kẹ́ ẹ ra òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà tí "Ingredients" rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ gbangba, kẹ́ ẹ fi ṣíbí wọn ọ́n sínú ìkòkò, ṣíbí kan àbọ̀ sí méjì fún wọn lójúmọ́. Kò burú kí epo pupa díẹ̀ wọ ẹ̀fọ́ wọn ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ṣíbí kan, láì bílíìṣì. Ẹni tó ń fi ṣíbí wọn epo pupa sàn ju ẹni tó ń da olein síbẹ̀ láìwòye lọ.

Ẹ fi ẹ̀wà kún oúnjẹ wọn pẹ̀lú, àti ọ́ọ̀tì tí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní irú okùn oúnjẹ kan tó ń yọ́ nínú omi, tó máa ń di omi òróòro mú nínú ìfun, tó sì ń bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ̀dọ̀ á wá ní láti fa kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù nínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe òróòro tuntun. Ẹyin kan lójúmọ́ kò ní pa wọ́n, àfi tí dókítà wọn bá ní ìdí pàtàkì tó fi ní kí wọ́n má jẹ ẹ́.

Epo àgbọn ńkọ́? Kò sí nínú ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí LDL rẹ̀ ti ga. Saturated rẹ̀ sún mọ́ ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ju ti epo pupa lọ fíìfíì, ó tún ju ti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Àwọn tó ń polówó rẹ̀ máa ń ní okùn rẹ̀ kúrú, pé ara ń yára jó o. Òótọ́ ni pé okùn oní-káábọ́nù 8 àti 10 máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lauric acid tó ní káábọ́nù 12 ló kó nǹkan bí ìdajì epo àgbọn, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba ọ̀nà tí àwọn okùn gígùn ń gbà nínú ara. Ó ń gbé HDL sókè lóòótọ́, ó sì ń gbé LDL náà sókè. Ẹgbẹ́ onímọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà, American Heart Association, sọ ní 2017 pé àwọn kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti máa jẹ ẹ́ nítorí ọkàn. Fún irun àti awọ ara, ẹ máa rà á.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó jẹ́ ti ilé ìwòsàn. Oúnjẹ lè fa LDL wálẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ níwọ̀n. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìdílé ni wọ́n ti jogún rẹ̀, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹṣẹ́ táírọ́ọ̀dì tó wà lọ́rùn wọn ni kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ, ìyẹn sì máa ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù sókè láìfi ti epo ṣe. Nígbà tẹ́ ẹ bá padà lọ, ẹ bèèrè iye LDL àti HDL lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má gba àpapọ̀ nìkan, kẹ́ ẹ sì bi dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ táírọ́ọ̀dì àti ṣúgà wọn wò. Tí wọ́n bá ti kọ oògùn fún màmá, ẹ má dá a dúró nítorí pé ẹ ti pààrọ̀ òróró.